Ìbọn .22 Ń Há: Ẹ Wo Ibi Tí Ọta Dúró Sí Kí Ẹ Tó Fà Á

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ní pápá ìyìnbọn kan lẹ́yìn ìlú Houston, ẹ̀gbọ́n kan tó dúró ní ìpín tó tẹ̀ lé tèmi ń bá ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ jà. Ìbọn kékeré ni, .22 (nọ́ńbà yìí ni ìwọ̀n bí ọta rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, nǹkan bí 0.22 íǹṣì), tó rà láti fi kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìyìnbọn. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ó há. Ó fi ìbínú fa òkè ìbọn náà sẹ́yìn, ọta ta jáde, ó bọ́ sílẹ̀. Ó tún yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó tún há. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó yíjú sí mi, ó ní, "Àbúrò, ìbọn yìí ti sú mi. Màá lọ dá a padà fún wọn ni." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fà á. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú síwájú bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ìka kúrò nídìí tírígà, ká kọ́kọ́ wò ó."

Bí ìbọn kékeré bá há, ohun tí ọwọ́ máa ń yá sí ni pé ká fà á, ká gbọ̀n ọn, ká máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fà á báyìí, ẹ̀rí ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ibi tí ọta dúró sí, bóyá imú rẹ̀ dojú kọlẹ̀ tàbí ó kọjú sókè, bóyá ọta tuntun ló há tàbí èèpo èyí tó ti dún, ìyẹn gan-an ló máa sọ ohun tó ń ṣe ìbọn náà fún wa. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta téèyàn fi wò ó lè gbà á lọ́wọ́ oṣù mẹ́ta tí ì bá fi máa ra sípíríǹgì tí kò nílò.

Ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí ọta ń gbà kọjá kò lè mọ ibi tó ti kọsẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rìn. Àwọn ọta tò léra nínú mágásíìnì, ìyẹn àpótí kékeré tó ń gba ọta sínú ìbọn, sípíríǹgì kan wà nísàlẹ̀ tó ń tì wọ́n sókè. Ètè mágásíìnì, ìyẹn irin méjèèjì tó tẹ̀ wọnú lókè, ló di ọta àkọ́kọ́ mú kó má fò jáde. Nígbà tí ìbọn bá dún, afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ẹ̀tù á ti òjé, ìyẹn orí ọta tó ń fò jáde, síwájú, á sì ti èèpo ọta sẹ́yìn. Èèpo yẹn ló ń ti sláìdì, apá òkè ìbọn tó ń sún lọ sún bọ̀. Bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, irin kékeré kan tó rí bí èékánná á fi etí èèpo kọ́, á fà á jáde nínú ihò ọta, ìyẹn ìdí ọ̀pá ìbọn níbi tí ọta máa ń wà kó tó dún, irin mìíràn á sì gbá a kó fò síta. Lẹ́yìn náà, sípíríǹgì á rọ́ sláìdì padà síwájú. Bó ṣe ń bọ̀, á ti ọta tó wà lókè mágásíìnì nídìí, imú ọta á gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó wà lẹ́nu ihò náà, á sì wọlé. Gbogbo èyí kò pẹ́ tó kéèyàn ṣẹ́jú.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ìbọn kékeré ni èyí ń ṣe jù? Agbára ni àkọ́kọ́. Òjé ọta .22 tó wọ́pọ̀ kò wọ̀n ju gíráàmù 2.6 lọ, ti 9mm, ọta ìbọn ìléwọ́ tó tóbi jù ú lọ, jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 7.5, ẹ̀tù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì pọ̀ ju ti .22 lọ fíìfíì. Bí ìdọ̀tí díẹ̀ bá wà nínú 9mm, tàbí tí òróró ti gbẹ, agbára tó ṣẹ́kù á borí rẹ̀, ẹni tó ni ín lè má mọ̀ rárá. Nínú .22, agbára tó ń ṣẹ́kù kéré gan-an. Gbogbo ohun tó bá fa sláìdì sẹ́yìn díẹ̀ ló máa hàn.

Èkejì ni etí ọta. Ọta .22 Long Rifle tí à ń lò lónìí, ọdún 1887 ni ilé iṣẹ́ J. Stevens ti Amẹ́ríkà gbé e jáde, kí ìbọn ìléwọ́ tó ń ki ara rẹ̀ tó dé ọjà. Ìbọn tí wọ́n ń fọwọ́ ki ọta sí lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe é fún. Inú etí ìdí èèpo ni wọ́n fi ohun tó ń mú iná jáde sí, ibẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ ìbọn, irin tó ń lu ọta kó lè dún, ń lù. Etí yìí yọ síta: ó fẹ̀ tó mílímítà méje, ara èèpo kò sì ju 5.7 lọ. Tí ẹ bá to irú ọta bẹ́ẹ̀ léra, etí ti òkè gbọ́dọ̀ wà níwájú etí ti ìsàlẹ̀. Bó bá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, sláìdì á máa ti ọta òkè síwájú, ti ìsàlẹ̀ á sì máa fi etí dá a dúró.

John Browning, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà ìbọn, mọ ìyà yìí dáadáa. Nígbà tó ṣe ìbọn àpò kékeré fún ilé iṣẹ́ FN ní Bẹ́ljíọ̀mù, èyí tí wọ́n ń pè ní Model 1905, kò lo .22. Ọta tuntun ni wọ́n ṣe fún un, .25 ACP, tí abẹ́rẹ́ ń lu àárín ìdí rẹ̀, tí etí rẹ̀ kò sì yọ ju díẹ̀ lọ. Irú etí kékeré bẹ́ẹ̀ náà ló wà lára .32 ACP tó ti jáde ní 1899. Síbẹ̀, díẹ̀ yẹn náà tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Nínú àwọn ìbọn àpò .32 fífúyẹ́ tòde òní, bí ẹ bá lo ọta tí imú rẹ̀ jin kòtò, tó sì kúrú ju èyí tó ní imú roboto lọ, àyè á wà fún un láti máa sún nínú mágásíìnì. Bó bá sún, etí méjì á kọ́ ara wọn, ìbọn á dákẹ́ pátápátá. Fífa sláìdì kò ní tú u. Àfi kí ẹ yọ mágásíìnì, kí ẹ rọra tú ọta rẹ̀. Kí ẹ padà sí ọta onímú roboto tó gùn tó bó ṣe yẹ ni oògùn rẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ààbò, torí ibi tí ìbọn bá ti há ni èèyàn ti ń gbàgbé ara rẹ̀. Ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ kúrò ní ìhà ibi tí à ń yìn sí, bó ti wù kí inú bí wa tó. Mágásíìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kí ẹ tó fi ohunkóhun tọ ọta tó há. Bí ẹ bá fa tírígà tí kò dún, ẹ dúró ó kéré tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹnu rẹ̀ ṣì kọjú síwájú, torí iná lè máa jó díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀tù. Bó bá sì dún ní ohùn kékeré tí kò jọ ti àtẹ̀yìnwá, ẹ má yin òmíràn. Òjé lè wà nínú ọ̀pá ìbọn, èyí tó bá tẹ̀ lé e lè ya ọ̀pá náà. Ẹ tú ìbọn sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ rí i pé kò sí ọta kankan nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹ ihò rẹ̀ wò.

Ó dáa. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa. Nígbà tí a wò ó, ọta tuntun ni, imú rẹ̀ dojú kọlẹ̀, ó gún ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, òjé orí rẹ̀ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ lápá kan. Mo bi í bó ṣe ń ki ọta sínú mágásíìnì. Ó fi hàn mí: bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń fa sípíríǹgì wálẹ̀, irú èyí tó wà lára ti Ruger, ilé iṣẹ́ ìbọn kan ní Amẹ́ríkà. Ó fà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó da ọta mẹ́wàá sínú rẹ̀ bí ẹni da gààrí sínú ife, ó wá jẹ́ kí bọ́tìnnì fò padà sókè. Nígbà tí a gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀, a rí i láti ẹ̀gbẹ́: ọta kẹta àti ẹ̀kẹrin ti fi etí kọ́ ara wọn, imú ẹ̀kẹta ń wo ìsàlẹ̀.

Mo ní kó tú u, kó fa bọ́tìnnì náà wálẹ̀ ní ìwọ̀nba tí ọta kan ṣoṣo á fi wọlé, kó gbé ọta náà sí i, kó tì í sẹ́yìn díẹ̀, kó tó fà á wálẹ̀ fún èkejì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi pé mẹ́wàá, ó sì fi ẹ̀yìn mágásíìnì náà gbá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló dún. Ó wò mí bí ẹni pé mo ṣoògùn sí i.

Mágásíìnì kejì wá dé. Ọta kejì inú rẹ̀ há, ṣùgbọ́n ẹ wò ó o: imú rẹ̀ kọjú sókè lọ́tẹ̀ yìí, ó gbára lé òkè ihò ọta. Àmì mìíràn nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí a ṣe kì í mọ́. Bí imú bá kọjú sókè, ètè mágásíìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, pé ó ti là jù, tó sì ń tú ọta sílẹ̀ kí àkókò tó tó. A gbé méjèèjì síra wọn, a sì rí i pé ètè kan lára èkejì ti yà síta díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rántí pé ó ti já bọ́ lórí kọnkéré níbi tó gbé mọ́tò sí. Mo fi gègé kọ 2 sí ìdí rẹ̀, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀jáfáfá kan máa ń fi pílíásì tún ètè náà ṣe, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kéré gan-an, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ ra òmíràn.

Ẹ fi nọ́ńbà sí gbogbo mágásíìnì yín. Mi ò mọ ohun tó rọrùn tó ìyẹn tó sì wúlò tó o. Bó bá jẹ́ mágásíìnì kan ṣoṣo ló ń há, kò sí ohun tó ṣe ìbọn yín.

Oríṣi mìíràn wà tó ń tan èèyàn jẹ. Ìbọn dún, sláìdì lọ, ó bọ̀, ẹ tún fa tírígà, ẹ kàn gbọ́ "kọ́". Ẹ ṣí i, kò sí ọta nínú ihò, bẹ́ẹ̀ ọta kún inú mágásíìnì. Sláìdì ti kọjá lórí ọta náà láìgbé e. Ó lè jẹ́ pé sláìdì kò lọ sẹ́yìn tó, ó sì lè jẹ́ pé mágásíìnì kò gbé ọta sókè lásìkò, bóyá sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀ tàbí ìdọ̀tí dí i, bóyá ẹ kò tiẹ̀ tì í wọlé dáadáa. Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí: ẹ fi ọta kan ṣoṣo sínú mágásíìnì, ẹ yìn ín. Bí ìbọn yín bá jẹ́ irú èyí tí sláìdì rẹ̀ máa ń dúró sẹ́yìn bí ọta bá tán, ẹ wò ó bóyá ó dúró. Bí kò bá dúró, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, sláìdì ni kò lọ dé ibi tó yẹ: ọta yín kò lágbára tó, tàbí ìbọn ti dọ̀tí, tàbí ó gbẹ. Bó bá ń dúró ní gbogbo ìgbà, ẹ lọ wo mágásíìnì.

Èyí tó gba sùúrù jù ni kí sláìdì fẹ́rẹ̀ẹ́ padé, kó ku bíi mílímítà kan tàbí méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a wọlé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Iná .22 wà ní etí ìdí rẹ̀, bí ọta bá sì dún nígbà tí èèpo rẹ̀ kò tíì wọnú ihò tán, èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á ya, àfọ́kù idẹ àti iná á sì fọ́n jáde sójú àti sọ́wọ́. Ẹ tú u, ẹ wo ihò ọta. Òjé .22 kò ní aṣọ bàbà tó nípọn bíi ti ọta ńlá. Ìda tàbí ọ̀rá ni wọ́n fi ra á lára. Ìda yẹn, èéfín ẹ̀tù àti òjé tó ń yọ́ á pa pọ̀ di èépá dúdú líle nínú ihò náà. Ọta tó yẹ kó yọ́ wọlé á wá máa fara họ ọ́. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì idẹ tó wà fún .22, ẹ kì í sínú ihò ọta láti ẹ̀yìn, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ẹ fi aṣọ nù ún gbẹ. Ìṣẹ́jú méjì kò ní tán.

Bó bá mọ́ tó sì tún ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo etí ihò náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, níbi tí abẹ́rẹ́ ń lù. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn .22, pàápàá àwọn ti àtijọ́, bí wọ́n bá ń fa tírígà láìsí ọta nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ á máa lu irin etí ihò dípò etí ọta. Bó pẹ́ bó yá, á ṣe àmì kan bí ìdí abẹ́rẹ́, irin tó lù á wú sínú ihò, ọta á sì máa kọ́ síbẹ̀. Nínú àwọn ìbọn .22 tí wọ́n ń pè ní Ruger Mark, irin ṣóńṣó kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dé ibẹ̀. Ẹni tó tú u láti nù ún, tó gbàgbé láti dá irin náà padà, á ba ihò ọta rẹ̀ jẹ́ láìmọ̀. Bí a ṣe ń dán an wò ni pé, bí ọ̀pá ìbọn yín bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ọta tuntun kan jábọ́ sínú ihò náà fúnra rẹ̀. Ó yẹ kó wọlé tán, kó sì yọ jáde fúnra rẹ̀ bí ẹ bá dojú ọ̀pá náà sókè. Bó bá kọ́, tí ẹ sì rí ojú àpá yẹn, ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ ìbọn. Ó ní irin kan tó ń fi tẹ ojú ibẹ̀ padà láìgé nǹkan kan kúrò.

Gbogbo ìyẹn jẹ́ ti ọta tó kọ̀ láti wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ní "ìbọn mi kì í gbé ọta", èèpo tí kò jáde ló ń bá a jà, kò sì mọ̀ torí pé ọta tuntun ló wà lójú. Bí ẹ bá rí èèpo tó dúró ṣánṣán láàárín sláìdì bí ẹni tó yọjú lójú fèrèsé, ó ti jáde nínú ihò ṣùgbọ́n kò rí àyè fò. Ọta tí kò lágbára tó ló sábà máa ń fà á, tàbí ọwọ́ tó rọ̀ jù: bí ọrùn ọwọ́ bá ń bá ìbọn lọ sẹ́yìn, sláìdì kò ní rí ohun tó máa fẹsẹ̀ tì. Àtàǹpàkò tó ń fara kan sláìdì náà lè fà á. Bí èèpo bá sì wà nínú ihò síbẹ̀, tí ọta tuntun wá ń fi imú gún un nídìí, ẹ yọ ìdọ̀tí abẹ́ èékánná tó ń fà á jáde. Ibẹ̀ kò fẹ̀ ju igi ìtayín lọ, igi ìtayín náà ni mo sì fi ń họ ọ́. Bí ẹnu èékánná náà bá ti kújú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lórí irú ọta tó yẹ, ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó wù ú. Ìbọn méjì tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe lè yàtọ̀. Ẹ ra páálí kékeré mẹ́rin tàbí márùn-ún oríṣiríṣi, ẹ yin bí àádọ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ìgbà tó há sílẹ̀. Èyí tí òjé rẹ̀ jẹ́ 40 grain (gíráàmù 2.6), onímú roboto, tó ń sáré tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé tó bá ìbọn yín wá ná. Àwọn ìbọn kan tí wọ́n ṣe fún ìdíje, ọta tó rọra ń sáré ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹni tó bá sì jogún Colt Woodsman, ìbọn .22 àtijọ́ kan, tí wọ́n ṣe kí ọdún 1932 tó dé kò gbọdọ̀ ki ọta alágbára sínú rẹ̀. Kò lè gbà á.

Lórí òróró, ẹ̀kán díẹ̀ níbi tí irin ti ń ha irin ti tó. Inú mágásíìnì àti ihò ọta gbọ́dọ̀ gbẹ. Mo ti rí mágásíìnì tí òróró kún débi pé ìdọ̀tí inú rẹ̀ dà bí ọbẹ̀ ewédú, ẹni tó ni ín sì ń ráhùn pé òun ń tọ́jú ìbọn òun dáadáa. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹ̀rọ ìdán irin sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu ihò yẹn nítorí fídíò kan tí ẹ wò. Bí ẹ bá ti yí ìrísí rẹ̀ padà, kò sí bí ẹ ṣe máa dá irin tó ti lọ padà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, torí májèlé ni òjé.

Àwọn tó ń fi ìbọn yìí díje ní Òlíńpíìkì náà mọ ìrora rẹ̀. Nínú ìdíje ìyìnbọn kíákíá ti mítà 25, .22 ni wọ́n ń lò, ọta márùn-ún sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ yìn sí àmì márùn-ún, nígbà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré. Òfin ìdíje náà pín ìbọn tó há sí méjì: èyí tó ṣẹlẹ̀ láìsí ẹ̀bi ẹni tó ń yìn ín, àti èyí tó jẹ́ àṣìṣe tirẹ̀, bíi kó gbàgbé láti ki ọta. Adájọ́ máa ń yẹ ìbọn náà wò kó tó sọ èwo ni. Ìdí nìyẹn tí olùdíje fi gbọ́dọ̀ di ìbọn náà mú, kó kọjú ẹnu rẹ̀ síwájú, láìṣí i kí adájọ́ tó dé.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́, tí ìbọn náà ṣì ń há, ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn. Ẹ má gbé ìbọn nìkan lọ. Ẹ kó gbogbo mágásíìnì rẹ̀ dání pẹ̀lú páálí ọta tí ẹ ń lò, kí ẹ sì fi àwòrán ọta tó há hàn án, èyí tí ẹ fi fóònù yà nígbà tí ẹnu ìbọn ṣì kọjú síwájú tí ẹ kò tíì fà á.